Ejò Tí Kọmití Wa Sìn

Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ mi láti Ìlọrin lọ sí Abuja, eruku ló kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìlú náà lọ́wọ́ ni. Katapílà ń hú ilẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, eruku pupa sì ń bà lé ohun gbogbo: aṣọ tí a sá, ìkòkò tí a kò dé, etí àwọn ọmọ. Bí mo bá sá aṣọ funfun láàárọ̀ Sátidé, àlàárì ni mo máa ń ká ní ìrọ̀lẹ́. Kọ́tásì tí wọ́n fún wa ní Garki dára, n kò ní purọ́, omi sì ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ lọ́jọ́ tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n kò sí igi kan ṣoṣo láti iwájú ilé wa títí dé ojú títì. Wọ́n ti gé gbogbo rẹ̀ kí a tó dé.

Ohun tó gbà wá ni igbó etí odò. Lẹ́yìn kọ́tásì, ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí odò kékeré kan. Àwọn Gbagyi tó ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀ ti kó lọ síbi tí ìjọba ní kí wọ́n kó lọ, igbó nìkan ni wọn ò rí kó dání. Ọ̀pẹ wà níbẹ̀, igi irú wà níbẹ̀, àwọn igi ńláńlá tí n kò mọ orúkọ wọn náà wà níbẹ̀, tí wọ́n forí korí lókè bí àwọn àgbà tó ń sọ̀rọ̀ ìdílé. Bí o bá wọ ibẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n gbé ọ sínú àmù.

Tíṣà ni mí nígbà náà, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà sí wa. Ìwé tí wọ́n fún wa láti fi kọ́ àwọn ọmọ nípa igi àti ẹyẹ, ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ya gbogbo àwòrán inú rẹ̀. Igi kan wà lójú ewé àkọ́kọ́ tí yìnyín bò mọ́lẹ̀. Ọmọ kan bi mí pé, "Tíṣà, ta ló da ẹ̀lùbọ́ sí i lórí?" Mo pa ìwé náà dé. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti tó àkókò ẹ̀kọ́ yẹn, mo máa ń to àwọn ọmọ mi jáde, a ó lọ jókòó sétí odò, a ó máa wo bí ẹyẹ ẹgà ṣe ń hun ilé rẹ̀ sórí ọ̀pẹ.

Kò pẹ́ tí àwọn onítípà fi mọ ọ̀nà ibẹ̀. Gbogbo àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti ilé tí wọ́n wó, etí odò ni wọ́n ń dà á sí. Àwọn tó ń wá igi ìdáná náà gbé àáké dé. Inú ń bí wa, a ń kùn lójú fèrèsé. Nígbà tó yá, a dá kọmití sílẹ̀.

Alága wa jẹ́ bàbá kan láti Kàbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, tó wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Bàbá náà fẹ́ràn ìpàdé bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn ẹran. Bí kò bá sí ìpàdé lọ́sẹ̀ kan, ara rẹ̀ kì í yá. Igbákejì rẹ̀ ni Alhaja kan, ará Ìlọrin, tó ń ta mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ ní ọjà Area 1. Ọkọ mi ni síkírẹ́tárì, nítorí iṣẹ́ àwòrán ilé ló ń ṣe ní ọ́físì ìjọba, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì dára. Èmi ni wọ́n ní kí n máa kọ́ ará àdúgbò lẹ́kọ̀ọ́ nípa igbó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ará àdúgbò kankan tó ní òun fẹ́ ẹ̀kọ́.

Pákó ńlá kan ni a kọ́kọ́ ṣe. A kọ ọ́ ní èdè òyìnbó àti ní Hausa pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé igi níbẹ̀, a sì rì í mọ́lẹ̀ dáadáa. Kò lo ọ̀sẹ̀ kan tó fi pòórá. Bàbá Alága ló rí i. Ó lọ mu tíì lọ́dọ̀ Hausa onítíì tó wà létí títì, bó ṣe gbé ife sílẹ̀ báyìí, ó rí i pé orí ọ̀rọ̀ ara òun ni òun gbé e lé. Onítíì ti fi pákó wa ṣe tábìlì. Ó ní ọwọ́ ẹni tó ń ta igi ìdáná lòun ti rà á, òun kò sì mọ̀wé.

Bàbá Alága mu tíì rẹ̀ tán kó tó bínú. "Ẹ wò ó," ó wí fún wa nípàdé, "pákó tó ní kí wọ́n má gé igi, òun gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ gé."

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí tí ejò fi dé.

Ọkọ mi ni ọ̀rọ̀ náà ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ irú èèyàn tó jẹ́. Ọkùnrin tó sanra, tó ń rọra sọ̀rọ̀, tí kò lè purọ́ kó má làágùn. Bí ẹni tí kò wù ú láti rí bá kan ilẹ̀kùn, tí mo bá ní kó sọ pé òun kò sí nílé, á dáhùn láti inú yàrá pé, "Ìyàwó mi ní kí n sọ pé n kò sí nílé." Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó lọ wo etí odò, ó sì rí ohun kan tó wọ́ wọ inú koríko lẹ́bàá omi. Bó ṣe ń jáde bọ̀, ó pàdé típà kan tó fẹ́ da ẹrù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni awakọ̀ náà.

Ọkọ mi ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ rọra sọ̀kalẹ̀ o. Mo rí ìrù kan níbẹ̀ yẹn."

"Ìrù kí ni, sà?"

"N kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ó nípọn tó apá mi."

Awakọ̀ náà wo apá ọkọ mi. Ó fi ẹ̀yìn rìn gòkè padà pẹ̀lú gbogbo ẹrù inú típà rẹ̀, a kò sì rí i mọ́.

Nígbà tí ọkọ mi ròyìn èyí nípàdé, Bàbá Alága dìde dúró. "Ẹ̀yin èèyàn mi, a bẹ àwọn èèyàn, wọn ò gbọ́. A kọ pákó, wọ́n fi ń ta tíì. Ejò kan ṣoṣo yọjú, onítípà sá. Ta ni kò rí ọwọ́ Ọlọ́run níbí yìí?"

Ọkọ mi nawọ́ sókè. "Ẹ forí jì mí, sà. Ìrù ni mo rí. N kò sọ pé ejò ni."

"Ṣé o rí ẹsẹ̀?"

"N kò rí ẹsẹ̀, sà. Koríko bo ibẹ̀."

"Síkírẹ́tárì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ní ẹsẹ̀."

Ọkọ mi tẹrí ba, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan bí ejò náà yóò ṣe tóbi tó. Ẹnì kan ní kí a sọ pé ó tó òpó iná. Alhaja mi orí. "Ẹ jẹ́ kó mọ níwọ̀n o. Ejò tó bá ti pọ̀ jù, wọ́n á ní irọ́ ni. Ẹ jẹ́ kó tó itan mi báyìí." Ó sì gbá itan rẹ̀ pà. Gbogbo ọkùnrin inú ìpàdé gbójú sókè, wọ́n ń wo àjà. A fẹnu kò pé ó tó bẹ́ẹ̀, pé òjòlá ni, àti pé kí Alhaja tọ́jú ọ̀rọ̀ náà.

Bí Alhaja ṣe tọ́jú rẹ̀ ni pé gbogbo ẹni tó bá wá ra ṣúgà ló ń fà mọ́ra, tí á sì sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o." Ó sọ ọ́ ní Yorùbá, ó sọ ọ́ ní Hausa. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi parí, ejò náà ti jáde láti Area 1, ó ti yí Garki po, ó sì ti padà wá bá wa nílé. Obìnrin tó ń kiri búrẹ́dì ló sọ fún mi pé ó ní ogbe lórí bí àkùkọ, ó sì ń kọ láfẹ̀mọ́júmọ́. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ní ó gbé ewúrẹ́ ẹnì kan mì pẹ̀lú okùn àti èèkàn rẹ̀. Mo lọ bá Alhaja.

"Alhaja, ẹ ní kó mọ níwọ̀n."

"Níwọ̀n náà ni mo sọ ọ́," ó dáhùn. "Ṣé èmi ni mo ní kó máa dàgbà ni?"

Ká sòótọ́, ó ṣiṣẹ́. Onítípà kankan kò yà síbẹ̀ mọ́. Àáké dákẹ́. Koríko bo àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ sì ń sáré lórí igi bí ẹni tó ti san owó ilé. Bàbá Alága ń rìn káàkiri kọ́tásì, ó ń yan bí ọ̀gá ọlọ́pàá.

Ẹni tí ayé kò rọ̀ lọ́rùn ni ọkọ mi. Ọ̀nà tó gba etí odò kọjá ló máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo ṣàkíyèsí pé ó ti ń gba ojú títì yípo. Mo tún rí i tó wọ bàtà òjò jáde nílé nínú ọyẹ́, nígbà tí òjò kankan kò rọ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ," mo ní, "ṣé ejò tí ẹ̀yin fúnra yín bí lẹ ń sá fún?"

"Èmi kọ́ ni mo bí i," ó wí. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. "Ìrù lásán ni mo rí. Àwọn ló fi orí sí i. Ta ló wá mọ̀ bóyá orí ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

N kò ráyè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pẹ́, nítorí ejò náà fọwọ́ kan èmi náà. Nígbà tí mo fẹ́ kó àwọn ọmọ mi lọ wo ilé ẹyẹ ẹgà, àwọn òbí ya wọ ilé ìwé. Bàbá kan nawọ́ sí mi níwájú ọ̀gá àgbà: "Tíṣà yìí fẹ́ kó ọmọ wa lọ fún ejò jẹ." N kò lè sọ fún un pé kò sí ejò, nítorí kọmití tí èmi náà wà nínú rẹ̀ ló ní ejò wà. A padà sídìí ìwé, sọ́dọ̀ igi tí wọ́n da ẹ̀lùbọ́ sí lórí.

Nígbà tí kọmití sì dá ọjọ́ tí a ó ṣa ìdọ̀tí kúrò nínú odò, èmi nìkan ló dé ibẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ń dun Bàbá Alága. Alhaja gba àlejò láti Ìlọrin. Ọkọ mi ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn mi, mo sì rí i lókè níbi tó dúró sí, tó ń juwọ́ sí mi.

Lẹ́yìn náà ni ọ́físà dé. Láti ọ́físì kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló ti wá, ọkùnrin onírẹ̀lẹ̀ tí bàtà rẹ̀ ń dán. Ìpàdé ló bá wa. Ó kí wa ní Hausa, a dá a lóhùn pé "yauwa", a wá jọ bọ́ sórí èdè òyìnbó. Ó ní ìròyìn ayọ̀ lòun mú wá. Ìjọba ti gbọ́ nípa ejò tó ń yọ àdúgbò lẹ́nu. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á rán katapílà wá, wọ́n á hú igbó náà tìdítìdí, ọkàn wa á sì balẹ̀.

Bàbá Alága rọra jókòó.

"Ọ́físà," ó wí, "kò sí ejò."

"Kò sí ejò? Ìyàwó mi gan-an ló sọ fún mi. Ọjà ló ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní ẹni tó fojú rí i wà láàárín yín."

Gbogbo wa wo ọkọ mi. Ó dìde, ó ń làágùn. "Ìrù ni mo rí, sà," ó ní. "Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti ń sọ ọ́. Ìrù."

Ọ́físà wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé ó ti ń yé e díẹ̀díẹ̀, ó sì ń gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín. Ó ní tó bá dá wa lójú pé kò sí ejò, òun á wá ní Sátidé. Kí gbogbo kọmití kó ara wọn àti àwọn ọmọ ilé ìwé, kí a jọ rin igbó náà já láti òkè dé odò. Bí a bá jáde ní àlàáfíà, òun á dá katapílà dúró.

Ní Sátidé, gbogbo Garki ló wá wòran. Wọ́n kò wọ inú igbó o. Òkè ni wọ́n dúró sí, àwọn kan lórí àpótí, àwọn kan lórí ọkọ̀, ẹlẹ́pà sì ń tà láàárín wọn. Àwọn ìyá kan di ọmọ wọn mú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà yọ́ bọ́ sínú ìlà mi. Ó ku ẹni tí yóò ṣíwájú. Bàbá Alága ní ìrì pọ̀, kí àwọn tí eegun wọn ṣì le lọ gbọ̀n ọ́n kúrò. Alhaja ní obìnrin kì í ṣíwájú ọkùnrin. Ọ́físà ní àlejò lòun. Mo tẹ̀ sétí ọkọ mi.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ̀yin lẹ bí i. Ẹ̀yin náà lẹ máa sọ ọ́ lórúkọ."

Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n dájọ́ fún, ó fa bàtà òjò rẹ̀ sókè, ó sì wọ inú igbó, àwa yòókù tẹ̀ lé e.

Bàbá Alága ti ní kí n máa sọ̀rọ̀ sókè dáadáa, kí ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀ lè gbọ́ kó sì kúrò lọ́nà. Nítorí náà mo kọ́ àwọn ọmọ bí ẹni ń polówó ọjà. Mo fi ilé ẹyẹ ẹgà hàn wọ́n, pé ìsàlẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà kí òjò má wọlé. Mo fi òkìtì ọ̀gán hàn wọ́n. Mo ní kí wọ́n fọwọ́ kan ilẹ̀ abẹ́ igi kí wọ́n rí bó ṣe tutù, kí wọ́n sì rántí bí ilẹ̀ iwájú ilé wa ṣe gbóná tó lọ́sàn-án. Mo ní òjìji yìí ni kò jẹ́ kí oòrùn fa odò gbẹ. Ọ́físà fọwọ́ kan ilẹ̀. Ó tún fọwọ́ kan án. "Kai," ó wí. Ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ sí kúrò lára wa. Alhaja tilẹ̀ ń ṣa ewé kan, ó ní ó dára fún inú rírun.

A dé ẹ̀bá omi. Koríko mì. Ohun kan nà jáde, ó dúdú, ó gùn, ó ń wọ́ ìrù tó nípọn lẹ́yìn.

Ẹni tó kọ́kọ́ pariwo, n kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó kọ́kọ́ sá, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Bàbá Alága, tí ẹ̀yìn ń dùn, fo odò náà láti bèbè kan dé ìkejì, agbádá rẹ̀ fẹ̀ bí ìyẹ́ lékeléke. Ọ́físà gòkè lọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ bàtà kan. Àwọn tó wà lókè gbọ́ igbe, wọ́n ké "Maciji! Maciji!" tó jẹ́ ejò ní Hausa, àwọn náà sá, ẹlẹ́pà ju àwo rẹ̀ nù. Èmi náà sá, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n mo rántí pé mo ní ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́, mo bá yíjú padà. Àwọn ọmọ kò sá. Ọ̀dọ̀ ẹranko náà ni wọ́n ń sáré lọ.

Ẹni méjì péré ló kù níbẹ̀ nínú àgbà. Ìró Alhaja ti há mọ́ ẹ̀gún, ó jókòó sílẹ̀ gbì. Ẹrẹ̀ sì ti gbé bàtà òjò ọkọ mi mì, kò lè yọ ẹsẹ̀. Nítorí pé wọn kò rí ọ̀nà sá, àwọn nìkan ló fara balẹ̀ wò ó.

Alhaja ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ wo ẹsẹ̀!" ó kígbe. "Ó ní ẹsẹ̀! Kai! Awọ́nrínwọ́n ni! Alángbá tó yó lásán ni gbogbo yín ń sá fún!"

Òótọ́ ni. Awọ́nrínwọ́n ńlá kan ló dúró lórí àpáta, tó ń yọ ahọ́n, tó ń wò wá bí onílé tó jí bá àlejò nínú pálọ̀. Nígbà tó wò wá tó, ó sọ ara rẹ̀ sómi, ó lọ.

N kò tíì rí ayọ̀ tó dà bí ti ọkọ mi lọ́jọ́ yẹn. Ó wà nínú ẹrẹ̀ dé orúnkún, ó ń nawọ́ sí omi, ẹ̀rín kún ojú rẹ̀. "Ìrù yẹn nìyẹn! Ìyàwó mi, ìrù tí mo rí nìyẹn! Mi ò purọ́!" Kò sí ẹni tó ti fi ẹ̀sùn irọ́ kàn án rí, àfi ọkàn òun fúnra rẹ̀.

Ọ́físà sọ̀ kalẹ̀ wá bàtà rẹ̀. Àwọn ọmọ ti bá a rí i, wọ́n sì ti nù ún. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un, ó jókòó sórí gbòǹgbò igi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni ẹranko náà ń jẹ. Mo ní n kò mọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rò pé ó ń jẹ ẹja, àkèré àti ẹyin. "Ó ní iṣẹ́ nígbà náà," ó wí. "Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀." Katapílà kò wá.

Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí wá. Àwọn tí wọ́n sá lórí òkè fẹ́ wá rí ohun tí wọ́n sá fún. Ní òwúrọ̀ Sátidé, tó o bá wo ojú ọ̀nà, wàá rí bàbá, ìyá àti ọmọ tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, mo sì wá di tíṣà àdúgbò lóòótọ́. Ohun tí mo mọ̀, mo sọ. Èyí tí n kò mọ̀, mo ní kí gbogbo wa dákẹ́ kí a máa wò ó. Awọ́nrínwọ́n náà kì í yọjú sí gbogbo ẹni, ṣùgbọ́n wọ́n ń padà wá. Bàbá Alága náà ń wá. Tí ẹnikẹ́ni bá mẹ́nu ba odò tó fò, ó máa ń ní òun fẹ́ lọ dí ẹranko náà lọ́nà lódì kejì ni.

Kì í ṣe gbogbo ogun ni a ṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, títì tuntun gba apá òkè igbó náà, àwọn igi irú méjì tó dàgbà jù sì bá a lọ. Mo sunkún díẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gé wọn, mo sì tún rẹ àwọn ọmọ ilé ìwé lẹ́kún. Apá ìsàlẹ̀ ló kù. A gbin igi kéékèèké sí etí rẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, mo sì ní kí oníkálukú tọ́jú igi rẹ̀ bí àbúrò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí fún un.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyá ọmọ kan wá kan ilẹ̀kùn mi, ó fa ojú ro.

"Tíṣà, ẹ dákun, kí lẹ sọ fún ọmọ mi? Ojoojúmọ́ ló ń gbé garawa omi lọ sétí odò. Lánàá mo tẹ̀ lé e. Ó ń fi kànìnkànìn wẹ igi. Ó tún fi òrí pa á lára."

Mo ní kí ó sọ fún un pé kó fi òrí àti kànìnkànìn sílẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n kó má dá omi dúró.

"Ọṣẹ ńkọ́?" ìyá náà bi mí. "Odindi ọṣẹ kan ló ti lò tán."

Mo bẹ̀ ẹ́, mo wọlé lọ mú ọṣẹ kan fún un.